Ìwé àkọsílẹ̀ ló ṣáájú oògùn: oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú obìnrin kan tí ìnira máa ń bá kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó dé

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 36. Iṣẹ́ oníṣirò owó ló ń ṣe, ó sì ní ọkọ àti ọmọ méjì. Ó gbà mí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àwa méjèèjì sì ti jọ yọ ohunkóhun tó lè fi í hàn kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jókòó síwájú mi, kò tíì sọ ohun tó ń ṣe é tó fi ṣí àpò rẹ̀, tó sì to ìgò àti páálí mẹ́fà sórí tábìlì bí ẹni tó ń to ẹ̀rí síwájú adájọ́. Fítámì B6 wà níbẹ̀, àkópọ̀ fítámì kan tí wọ́n kọ sí lára pé ti obìnrin ni wà níbẹ̀, òróró evening primrose tí wọ́n ń fún láti inú irúgbìn òdòdó kan, magnesium, èso Vitex agnus-castus tí wọ́n lọ̀ sínú hóró, àti ewé gbígbẹ kan tí wọ́n máa ń rẹ sínú omi gbígbóná, èyí tí kò sí orúkọ ewé kankan lára páálí rẹ̀.

“Mà,” ló wí, “gbogbo ohun tí wọ́n ní ó dára fún un ni mo ti rà. Ẹ ṣáà bá mi yan èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, kí n lè da ìyókù nù.”

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlera àwọn obìnrin ni mo sì ti ń bójú tó láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè bá a yàn án. Ó ti ń lo mẹ́rin nínú wọn pa pọ̀ fún oṣù mọ́kànlá, ó fi méjì yòókù kún un nígbà tí mẹ́rin àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá dẹ̀ ẹ́ ní oṣù kan, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣe iṣẹ́ náà. Bó bá tún le sí i ní oṣù kejì, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọ̀kan nínú wọn ló fà á.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣàkíyèsí pé bí nǹkan oṣù òun bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ara òun kì í jẹ́ ti òun mọ́. Ọmú rẹ̀ á wúwo, á sì máa dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí ìdìmọ́ra ọmọ rẹ̀ pàápàá á di ìnira. Ikùn rẹ̀ á wú. Oorun á fò lójú rẹ̀. Ohun dídùn nìkan ni ẹnu rẹ̀ á máa wá, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀ lórí ohun tí kò ní ju ẹ̀rín lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìbínú gan-an ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan náà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni ojú sì tì í débi tó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí èèyàn ń mú mọ́ra. Bí nǹkan oṣù bá ti dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì bí iná tí wọ́n da omi sí.

Ohun tó ṣàlàyé yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1931 ni dókítà Robert Frank ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ìdààmú tó máa ń dé bá àwọn obìnrin kan ṣáájú nǹkan oṣù, ní ọdún 1953 sì ni Raymond Greene àti Katharina Dalton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àkójọ àwọn àmì náà ní orúkọ tí àwọn dókítà ṣì ń pè é títí dòní: premenstrual syndrome, ìyẹn PMS. Bí ẹyin bá ti jáde láti inú ilé ẹyin, ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó kàn tó dé, ibi tí ẹyin náà ti jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ̀nù progesterone sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí oyún, progesterone àti estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin mìíràn, á jọ lọ sílẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Àárín ìgbà tí ẹyin jáde àti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ yìí ni ìnira náà máa ń jà. Èyí tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ìwọ̀n họ́mọ̀nù obìnrin tí ìnira yìí ń bá fínra kò yàtọ̀ sí ti obìnrin tí nǹkan kan kò ṣe. Ní ọdún 1998, Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oògùn dá iṣẹ́ ilé ẹyin dúró lára ẹgbẹ́ obìnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí ìnira yìí máa ń bá àti àwọn tí kì í bá. Ó rọlẹ̀ lára púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá. Nígbà tí wọ́n dá họ́mọ̀nù náà padà fún àwọn tó rọlẹ̀ fún, ìnira náà tún yọjú. Họ́mọ̀nù kan náà kò ṣe ẹgbẹ́ kejì ní nǹkan kan. Ọ̀nà tí ọpọlọ ẹni ń gbà gba họ́mọ̀nù náà ló yàtọ̀, kì í ṣe iye rẹ̀.

Mo ṣàlàyé èyí fún un pẹ́, nítorí pé ó ti san owó àyẹ̀wò họ́mọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjèèjì sì fi hàn pé kò sí àléébù. Ó ti wá ń rò pé òun ló ń fọwọ́ ara òun fà á. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi ìnira yìí hàn. Ìwé tí a bá fi ọwọ́ kọ lójoojúmọ́ nìkan ló lè fi í hàn.

Kí a tó dé orí ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè dúró. Nígbà tí mo bi í bóyá nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣe é, ó ní àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun máa ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn, pàápàá lálẹ́, àti pé ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ó rò pé bàtà ló fà á. Mo gbé ìgò fítámì B6 sókè: 100 mílígíráàmù ló wà nínú hóró kan. Mo yí àkópọ̀ fítámì ti obìnrin náà sẹ́yìn, mo sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ara rẹ̀: 50 mílígíráàmù B6 tún wà níbẹ̀. Ó ti ń gbé 150 mì lójoojúmọ́ láti oṣù mọ́kànlá láìmọ̀. Ohun tí ara àgbàlagbà nílò kò ju bíi mílígíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ lóòjọ́. Ní Amẹ́ríkà, 100 ni ìwọ̀n tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá. Ní ọdún 2023, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù fà á wálẹ̀ sí 12. Bí B6 bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́.

Òótọ́ ni pé B6 wà lára ohun tí àwọn dókítà kan máa ń dá lábàá fún ìnira yìí. Àtúnyẹ̀wò kan tó jáde ní ọdún 1999 kó ìwádìí mẹ́sàn-án jọ, lórí obìnrin 940, ó sì sọ pé ìwọ̀n tí kò ju 100 mílígíráàmù lọ lè ṣe àǹfààní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe àtúnyẹ̀wò náà fúnra wọn sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí ọ̀hún kò dára tó. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ra ìgò méjì kò mọ̀ pé ohun kan náà ni òun rà lẹ́ẹ̀mejì, àti pé kò sẹ́ni tó bi í.

Ọjọ́ náà gan-an ló dá B6 àti àkópọ̀ fítámì náà dúró. Mo kọ̀wé sí dókítà nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ní kí ó dá mẹ́rin yòókù dúró pẹ̀lú, títí a ó fi mọ ibi tí a wà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá.

“Ṣé kí n wá káwọ́ gbera ni, mà? Oṣù méjì?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù méjì.

Bí a ṣe ṣe ìwé náà nìyí. A fa ìlà mẹ́jọ: ìbínú, ìbànújẹ́, àìfọkànbalẹ̀, oorun, àárẹ̀, ọmú, ikùn, ìfẹ́ sí ohun dídùn. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á kọ nọ́ńbà láti 1 dé 6 sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1 túmọ̀ sí pé kò sí rárá, 6 sì túmọ̀ sí pé ó le kọjá àlà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìíní. Mo fi òfin méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni pé kò gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé àná kí ó tó kọ ti òní, nítorí pé ẹni tó bá rí 4 lánàá á fẹ́ kọ 4 tàbí 5 lónìí. Èkejì ni pé kí ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tó mú un bínú, bó bá bínú, láìka bí ìbínú náà ṣe kéré sí. Èmi fúnra mi kò mọ̀ nígbà náà pé òfin kejì yìí ni yóò wúlò jù lọ.

Ìdí tí a fi nílò oṣù méjì ni pé ìrántí máa ń tàn wá jẹ. Bí a bá bi obìnrin bí ara rẹ̀ ṣe rí lóṣù tó kọjá, ọjọ́ tó burú jù ló máa ń rántí, á sì so ó mọ́ nǹkan oṣù bó bá ṣe pé wọ́n súnmọ́ra. Nínú ìwé, kí a tó lè pè é ní ìnira tó ń ṣáájú nǹkan oṣù, ó gbọ́dọ̀ gòkè lẹ́yìn tí ẹyin ti jáde, kí ó rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán wà tí kò sí níbẹ̀ rárá. Bó bá wà níbẹ̀ jálẹ̀ oṣù, nǹkan mìíràn ni, ọ̀tọ̀ sì ni ìtọ́jú rẹ̀.

Oṣù méjì pé. Láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kan títí di kí òmíràn tó dé, oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ọjọ́ 28, èkejì pé 27. A tẹ́ ojú ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì fi bírò pupa yí ọjọ́ méje tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan ká, a fi bírò búlúù yí ọjọ́ keje sí ìkejìlá ká. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ìbínú jẹ́ 5 nínú pupa, 1 nínú búlúù. Ọmú jẹ́ 5 nínú pupa, 1 nínú búlúù. Ìbànújẹ́ àti ikùn jẹ́ 4 nínú pupa, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú búlúù. Ìfẹ́ sí ohun dídùn náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárẹ̀ nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ 5 nínú pupa, ó sì jẹ́ 4 nínú búlúù.

“Èyí kò bá ìyókù rìn,” ni mo sọ fún un. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń rẹ òun ní gbogbo ìgbà. Òun rò pé bí ara ẹni tó bímọ méjì ṣe ń rí nìyẹn. Mo bi í nípa bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá. Ọjọ́ méje ló ń gbà, ọjọ́ kejì àti ìkẹta sì máa ń pọ̀ débi tó fi ń dìde lóru láti pààrọ̀ páàdì. Dókítà ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, ó sì rán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹṣẹ́ thyroid tó wà ní ọrùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ilé ọmọ kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n èròjà irin tó yẹ kí ara kó pamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó kọ oògùn irin fún un. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn: bí a bá ti mú ìgò keje kún mẹ́fà ti àkọ́kọ́, tí a kò sì kọ ìwé, ìgbà wo ni à bá ti mọ èyí? Ẹni tí àìtó èròjà irin ń bá jà á máa ka àárẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìnira oṣù, gbogbo àgbo àti hóró ayé kò sì ní yanjú rẹ̀.

Láti oṣù kẹta ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kún un. Mo yan kálísíọ̀mù, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè rà láìsí ìwé dókítà fún ìnira yìí, òun ni ó ní ẹ̀rí tó ṣeé fọkàn tẹ̀ jù lójú tèmi. Ní ọdún 1998, Susan Thys-Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 466. Wọ́n fún ìdajì wọn ní 1,200 mílígíráàmù kálísíọ̀mù lóòjọ́, wọ́n fún ìdajì kejì ní hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sì sí obìnrin tó mọ èyí tí òun ń lò. Ní oṣù kẹta, ìnira àwọn tó lo kálísíọ̀mù ti dín kù ní ìpín 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn tó lo hóró òfìfo náà dín kù ní ìpín 30.

Mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra oògùn fún ìnira yìí dúró díẹ̀ lórí 30 yẹn. Kò sí nǹkan kan nínú hóró náà, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìdá mẹ́ta ìnira kúrò. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìnira náà. Ó túmọ̀ sí pé ìrètí, àbójútó àti àkíyèsí ara ẹni máa ń ṣiṣẹ́ lára, àti pé ohunkóhun tí a bá tà fún obìnrin tó ń wá ìrànlọ́wọ́ á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ọ̀rẹ́ tó ní “tèmi lọ láàárín oṣù kan” kò fi tó mi.

Ọ̀nà tí a gbà lò ó rèé. Ara kì í gba púpọ̀ ju 500 mílígíráàmù kálísíọ̀mù lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó lo 500 pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán àti 500 pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, níwọ̀n bí oúnjẹ rẹ̀ ti ní díẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Kálísíọ̀mù tún máa ń dí èròjà irin lọ́wọ́ kí ó má lè wọ ara, torí náà irin bọ́ sí òwúrọ̀ kùtù, kí ó tó jẹun. Mo ti bi í ṣáájú bóyá ó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, tàbí bóyá ó ń lo oògùn thyroid. Ó ní rárá. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a kò ní ṣe é láìbi dókítà.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Èrò mi ni pé kí kálísíọ̀mù dá wà fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ní àárín oṣù kẹrin, ó bi mí bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ ìrìn kánmọ́kánmọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ìdùnnú pé ó fẹ́ ṣe eré ìdárayá ló bò mí lójú, mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ kíá. Eré ìdárayá tó ń mú ọkàn sáré dára fún ìnira yìí, n kò ní kábàámọ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo so méjì pọ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi oṣù méjì kọ́ ọ pé kí ó má so nǹkan pọ̀. Òun gan-an ló sọ ọ́ fún mi ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Mà, èwo ni ká wá gbà pé ó ṣiṣẹ́ báyìí?”

Ní òpin oṣù karùn-ún, ọmú ti wá láti 5 sí 2. Ikùn wà ní 2. Ìbànújẹ́ wà ní 2, oorun ti sàn, ìfẹ́ sí ohun dídùn jẹ́ 3. Àárẹ̀ ti fi inú búlúù sílẹ̀ pátápátá, mo sì gbà pé iṣẹ́ èròjà irin ni ìyẹn. Èèrà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, àmọ́ kò tíì lọ tán. Ìbínú nìkan ni kò mì púpọ̀: 4.

Ó tún bi mí nípa Vitex, èyí tó ṣì wà nílé rẹ̀. Nínú ewé àti èso tí wọ́n ń lò fún ìnira yìí, òun ni mo lè sọ pé ìwádìí gidi wà lẹ́yìn rẹ̀: ní ọdún 2001, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Jámánì lórí obìnrin 170 rí i pé ó dín ìnira kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ìpín 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, nígbà tó jẹ́ ìpín 24 lára àwọn tó lo hóró òfìfo. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan pàtó ni wọ́n lò, láti ara èròjà kan pàtó, èyí tó wà nínú ìgò rẹ̀ kò sì sọ ìwọ̀n tirẹ̀. Èso yìí tún máa ń fọwọ́ kan iṣẹ́ họ́mọ̀nù, torí náà kò yẹ fún ẹni tó lóyún, ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oní họ́mọ̀nù, tàbí ẹni tí dókítà ń tọ́jú fún àìsàn tí họ́mọ̀nù ń bọ́. Obìnrin yìí ń ronú bóyá òun á bí ọmọ kẹta. A fi í sílẹ̀. Òróró evening primrose kò gba àkókò wa: ìwádìí tó dára kò rí i pé ó ṣe ju hóró òfìfo lọ. Ẹ̀rí magnesium kéré, ó sì ti ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ewé tí kò lórúkọ ni mo ní kí ó dà nù lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ewé bíi St John’s wort, tí wọ́n máa ń tà fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, lè sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára, ó sì lè léwu pẹ̀lú oògùn ìsoríkọ́. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń mu kò lè sọ fún dókítà pé òun ń mu ún.

Mo wá padà sórí ìbínú. Ní oṣù kẹfà ló dé pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Ọkọ rẹ̀ ti rí ìwé náà, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ ilé àti ti ọmọ ṣe já lé òun nìkan léjìká, ọkọ náà kò dáhùn, ìwé náà ló ṣí, ó sì ní, “Ọjọ́ kẹrìnlélógún lónìí. Jẹ́ kó kọjá ná.” N kò rò pé ó fi ìkà ṣe é. Ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ láti fi tọ́jú rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ìgbà yẹn ni a tó ka àwọn gbólóhùn ìbínú, èyí tí àwa méjèèjì ti fojú fo láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà ni a ń wò. A kà á láti oṣù kìíní. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì: “Èmi nìkan ló ń dìde sí ọmọ lóru.” Ìbínú, 5. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kan náà: “Èmi nìkan ni mo tún dìde lánàá.” Ìbínú, 1. Ó fara hàn nínú pupa, ó fara hàn nínú búlúù, nínú oṣù mẹ́fà gbáko. Họ́mọ̀nù kọ́ ló dá ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Ohun tí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ń ṣe ni pé ó ń gba agbára tó fi ń gbé e mì lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì rí i nínú ìwé ìtọ́jú kankan tí mo kà pé kí a béèrè bóyá ohun tí obìnrin ń bínú sí jẹ́ òótọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Mo darí rẹ̀ sí onímọ̀ kan tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú èrò àti ìhùwàsí, irú ìtọ́jú tí ìlànà àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà mọ́ ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ dán wò, pẹ̀lú eré ìdárayá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ríra. Ohun tí wọ́n ṣe kò díjú: ó kọ́ láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Bí ohun kan bá bí i nínú ní ọ̀sẹ̀ pupa, á kọ ọ́ sílẹ̀, á kúrò níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, á sì mú ìwé náà jáde ní ọ̀sẹ̀ búlúù láti sọ ọ́ jókòó. Ọkọ bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ oṣù nínú ìjíròrò mọ́, àti pé gbogbo ohun tó bá wà nínú ìwé náà yóò gba ìdáhùn, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹwàá.

Ìbéèrè kan wà tí mo bi í ní ìpàdé àkọ́kọ́, tí mo sì ń bi í lóṣooṣù: bóyá ó ti ṣe é rí bí ẹni pé kí ó má sí láyé mọ́. Ó ní rárá, ní gbogbo ìgbà. Bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti gbé ìwé àti kálísíọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó sì rí dókítà ní ọjọ́ náà. Oríṣi ìnira yìí kan wà tó le ju tirẹ̀ lọ, èyí tí ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kà mọ́ àìsàn tó dá dúró láti ọdún 2013, níbi tí ìbànújẹ́ tàbí ìbínú náà ti ń ba iṣẹ́ àti ilé jẹ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ewé tàbí fítámì nìkan bá a jà. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pẹ̀lú pé àwọn oògùn ìsoríkọ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá fún ìnira yìí, débi tí àwọn obìnrin kan fi ń lò ó ní ìdajì oṣù tó gbẹ̀yìn nìkan. Ó gbọ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ yóò gbé òun dé. N kò rọ̀ ọ́ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún.

Oṣù keje burú. Àsìkò tí wọ́n ń ti ìwé ìṣirò ọdún níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni, oorun wákàtí mẹ́rin ló ń sùn, ó sì pa ìrìn náà tì. Ìbínú padà sí 5, ọmú di 3. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní gbogbo iṣẹ́ wa ti wọmi. Mo ní kí ó ṣáà kọ ọ́.

Nígbà tí mo ń kọ èyí, oṣù kẹjọ ti pé. Ó ṣì ń lo kálísíọ̀mù, ó ti padà sórí ìrìn, dókítà sì ti dá èròjà irin dúró lẹ́yìn tí àyẹ̀wò tuntun fi hàn pé ó ti tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mókun. Ó ní òun kò rántí ọjọ́ tí èèrà náà lọ. Ọmú àti ikùn wà ní 2. Ìbínú jẹ́ 3, èyí tí kò tíì tó bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Àpò tó gbé wá ní ọjọ́ kìíní ṣófo, àyàfi ìgò kálísíọ̀mù àti ìwé kejì tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ti àkọ́kọ́ ti kún. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ohun tó kọ síbẹ̀ ni: “Òun ló dìde sí ọmọ lóru. Mo bínú sí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́.”